Royalty-free kì í ṣe ọ̀fẹ́: ohun tí láísẹ́ǹsì fọ́tò jẹ́, àti bí fọ́tò ṣe ń yege

Ọ̀rọ̀ kan ń ṣi àwọn tó ń ṣe flyer àti kàlẹ́ńdà lọ́nà ní Ìbàdàn: royalty-free. Wọ́n á rí fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní “ọ̀fẹ́ ni, gbé e.” Kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá. Royalty ni owó tí oníṣẹ́ ń gbà nígbàkígbà tí ẹlòmíì bá tún lo iṣẹ́ rẹ̀. Fọ́tò royalty-free ni èyí tí ẹ san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì lè lò léraléra láì tún san òmíràn. Owó àkọ́kọ́ yẹn ṣì ń dúró dè yín.

Ohun tí owó náà rà pàápàá kì í ṣe fọ́tò. Láísẹ́ǹsì ló rà, ìyẹn àṣẹ láti lò ó. Ẹni tó rẹ́ǹtì ilé ní Bódìjà ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó lè sùn síbẹ̀, ó lè dáná níbẹ̀, àmọ́ kò lè tà á. Ibi tí fọ́tò ti yàtọ̀ sí ilé ni pé onífọ́tò lè fún ẹgbẹ̀rún ayálégbé ní kọ́kọ́rọ́ kan náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí ìdílé kan náà tó ń rẹ́rìn-ín lórí pátákó ilé ìwòsàn àti lórí flyer ilé ìwé. Bí oníbàárà yín bá fẹ́ èyí tó máa jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ẹ gbà á nímọ̀ràn kó pe onífọ́tò wá yà á fún un.

Àṣẹ náà ní ààlà. Lórí Shutterstock àti Adobe Stock, àwọn ìsọ̀ tó ń ta fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láísẹ́ǹsì standard, ìyẹn èyí tó wọ́pọ̀, kò gba ju ẹ̀dà 500,000 lọ lórí ìwé. Flyer wo la fẹ́ tẹ̀ ní Mọ́kọ́lá tó máa débẹ̀? Ibi tó ti ń mú èèyàn ni ọjà tó jẹ́ pé fọ́tò gan-an ni wọ́n ń rà lára rẹ̀: T-shirt, ife, káàdì ìkíni. Kódà kó jẹ́ T-shirt mẹ́wàá péré, tó bá ti jẹ́ fún títà, standard kò bò yín mọ́. Láísẹ́ǹsì tó gbòòrò jù ú lọ, tí wọ́n ń pè ní extended tàbí enhanced, ni ẹ máa rà.

Ọ̀fẹ́ tòótọ́ wà o, òun náà ló sì ń jẹ́ Creative Commons (CC), láísẹ́ǹsì tí oníṣẹ́ fi ń yọ̀ǹda iṣẹ́ rẹ̀ láì gba owó. Lẹ́tà ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà. BY: ẹ dárúkọ ẹni tó yà á. NC: ẹ má fi pa owó, ìyẹn ni pé flyer ìsọ̀ aránṣọ kò gbọ́dọ̀ lò ó. ND: ẹ má tún un ṣe, ẹ má gé e. SA: bí ẹ bá tún un ṣe, láísẹ́ǹsì kan náà ni kẹ́ ẹ fi gbé tiyín jáde. CC0 nìkan ni kò béèrè nǹkan kan. Google Images ní tirẹ̀ kì í ṣe ìsọ̀; ó kàn ń nawọ́ sí ibi tí fọ́tò wà ni.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sápá ẹni tó fẹ́ ta fọ́tò tirẹ̀ lórí irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹ ya ìyá alákàrà kan ní Béèrè láàárọ̀: agbada epo níwájú rẹ̀, èéfín ń gòkè, ó borí agbada pẹ̀lú agbòòrùn ńlá aláwọ̀ yẹ́lò. Fọ́tò náà dùn ún wò. Ẹni tó ń yẹ fọ́tò wò fún ìsọ̀ náà máa tì í padà, nítorí orúkọ ilé iṣẹ́ fóònù wà gàdàgbà lára agbòòrùn náà. Orúkọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun ìní ẹlòmíì, ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́tò náà polówó kò lè lò ó. Yálà kẹ́ ẹ yí ẹsẹ̀ padà kí agbòòrùn bọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà, tàbí kẹ́ ẹ pa orúkọ náà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

Ojú ìyá náà ńkọ́? Bí wọ́n bá lè dá a mọ̀, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní model release. Orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, ọjọ́ tí ẹ yà á, ìbuwọ́lù rẹ̀, àti ti ẹlẹ́rìí kan tí kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ mú kámẹ́rà. Ọmọdé kì í fọwọ́ sí i, òbí tàbí alágbàtọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù náà, nítorí náà ẹ là á yé màmá ní Yorùbá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: pé ojú wọn lè bọ́ sára ìpolówó epo ní ìlú tí wọn ò dé rí. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ṣì lè fi fọ́tò náà sílẹ̀ lórí Shutterstock bí editorial, èyí tí ìwé ìròyìn àti ìwé ẹ̀kọ́ lè lò àmọ́ tí ìpolówó kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Orúkọ ara agbòòrùn lè dúró nínú irú rẹ̀; kódà ẹ ò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ níbẹ̀.

Ohun tó ń pa fọ́tò púpọ̀ kò ju ìwọ̀n lọ. Adobe Stock àti Shutterstock kì í gba fọ́tò tí kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò. Fóònù tó ń ya 4,000 sí 3,000 ń fún yín ní mílíọ̀nù 12, ó ju bó ṣe yẹ lọ. Àmọ́ bí ẹ bá fi ìka fa àwòrán súnmọ́ ní ìlọ́po méjì (zoom 2x) lórí fóònù tó jẹ́ pé gígé ló ń gé e, ó di 2,000 sí 1,500: mílíọ̀nù mẹ́ta, ó ti já. Ẹ fẹsẹ̀ rìn súnmọ́ ọn. WhatsApp náà máa ń dín ìwọ̀n fọ́tò kù. Bí ẹ bá máa fi ránṣẹ́ sí ara yín, ẹ fi ránṣẹ́ bí document.

Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń da òjìji dúdú sábẹ́ ojú àti sábẹ́ gèlè. Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ló dáa jù. Bí ìyá náà bá wà lábẹ́ ibòji tí ojú ọ̀run sì ń tàn lẹ́yìn rẹ̀, kámẹ́rà á wo ojú ọ̀run, á sì sọ ojú rẹ̀ di èédú. Ẹ tẹ ojú rẹ̀ lórí fóònù, tàbí kẹ́ ẹ fi +0.7 sí +1 kún ìmọ́lẹ̀ lórí kámẹ́rà. Nínú ìsọ̀ ní Gbági, iná NEPA tó jẹ́ 50 hertz ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá fi shutter speed, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, sí 1/500 ìṣẹ́jú-àáyá lábẹ́ gílóòbù olówó pọ́ọ́kú, ìlà dúdú lè hàn lójú fọ́tò. Ẹ fi sí 1/100 tàbí 1/50. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sí 50 gérégé, torí náà ẹ yà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀mẹrin. ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, tí ẹ bá gbé e ga ń da hóró-hóró bí iyanrìn sínú ibi tó ṣókùnkùn, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì máa fẹ̀ ẹ́ dé 100% kó tó gbà á.

Ẹni tó bá ń dáṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) fọ́tò rẹ̀ látìgbà tó ti yà á. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, àfi kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó lè gbé e fún ẹlòmíì. Ìyẹn kò wá ní kẹ́ ẹ lọ máa ta ojú ìyàwó tí ẹ yà níbi ìgbéyàwó láì sí fọ́ọ̀mù.

Ẹ má kó fọ́tò 30 tó jọra ránṣẹ́, wọ́n á dá wọn padà. Mẹ́ta tó: ọ̀kan tó dúró gbọọrọ, tó ní àyè lókè tí wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ sí, ọ̀kan tó gbòòrò, ọ̀kan tó súnmọ́ ọwọ́ tó ń da ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo, tí epo ń hó yí i ká. Ìkẹta yìí kò ní ojú, kò ní orúkọ ilé iṣẹ́, kò sì ní òrùka tàbí àmì tí wọ́n fi lè dá ọwọ́ náà mọ̀. Kò nílò fọ́ọ̀mù kankan.