Kòtò inú ìlà kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi sípíkà

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ohùn tó mọ́ gaara ní Ìlọrin, láti Tanke dé Gáà Àkàńbí. Wọ́n gbà pé bí èèyàn bá ti fi kọ̀ǹpútà àti máìkì wọn ohùn sípíkà nínú ilé, ìlà tó bá jáde lójú kọ̀ǹpútà, tó ń fi hàn bí ohùn ṣe pọ̀ tó láti béèsì dé ohùn tín-ín-rín, ni sípíkà náà gan-an. Bí ìlà bá tẹ́jú, sípíkà dára. Bí kòtò bá wà níbẹ̀, ìyẹn ibi tí ohùn ti já wálẹ̀, sípíkà ti bàjẹ́ nìyẹn: kí wọ́n gbé e lọ sí àdúgbò Táíwò láti pààrọ̀ awọ rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi equalizer, ohun tí wọ́n fi ń fi kún apá kan ohùn tàbí dín in kù, fa kòtò náà sókè. Owó tí èyí ti ná àwọn èèyàn ń dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ sípíkà tí wọ́n tú palẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Inú yàrá ni kòtò ọ̀hún ti wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ètò orí kọ̀ǹpútà náà ń ṣe. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń wọn ohùn nílé ni Room EQ Wizard, tí wọ́n ń pè ní REW. John Mulcahy ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó máa ń rán ohùn kan gba inú sípíkà jáde, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ níbi tí béèsì wà, tó sì ń gòkè lọ títí dé ibi tí etí èèyàn kò ti ní gbọ́ ọ mọ́. Máìkì á gba ohùn náà, REW á fi èyí tó rán wé èyí tó gbà, á sì ya ìlà. Àmọ́ máìkì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn tó ti ẹnu sípíkà wá tààrà àti èyí tó kọ́kọ́ lọ kọlu ògiri kó tó padà. Ó ń gba gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni. Torí náà, sípíkà àti yàrá àti ibi tí máìkì dúró sí ló jọ ya ìlà yẹn.

Ní ìsàlẹ̀, níbi tí béèsì wà, ti yàrá ló máa ń pọ̀ jù, pàápàá nínú irú ilé tí à ń gbé. Ẹ mú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tí onílé ń kọ́ fún ayálégbé. Mítà 3.66 ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú ooru bíi 30°C, ohùn ń sáré tó mítà 349 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì ohùn tí ìdajì gígùn rẹ̀ bá ṣe déédéé pẹ̀lú yàrá ni yóò há sáàárín ògiri méjì. Ẹ fi 7.32, ìyẹn ìlọ́po méjì 3.66, pín 349, ẹ ó bá a ní nǹkan bíi 48 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ní sàkání ibi tí gìtá béèsì ti ń dún ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ẹ bu omi sínú ọpọ́n gbọọrọ, kí ẹ máa mì ín síwá sẹ́yìn. Omi á máa gòkè sọ̀kalẹ̀ létí méjèèjì, àárín kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni 48 Hz ṣe ń ṣe nínú yàrá náà. Lẹ́bàá ògiri, ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Láàárín gbùngbùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Àárín gbùngbùn yẹn gan-an sì ni àwọn èèyàn ń gbé máìkì lé orí àpótí ìjókòó. Ohun tó tún mú un burú sí i ni pé gígùn àti ìbú yàrá náà dọ́gba, nítorí náà orí 48 Hz kan náà ni ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé.

Ọ̀rọ̀ ògiri tún wà níbẹ̀ tí wọn kì í sábà sọ fún wa. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí à ń kà lórí ọ̀ràn yìí wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti jẹ́ igi tí wọ́n fi pátákó gypsum bò. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń mì, béèsì á sì gba inú rẹ̀ sá lọ. Búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ kì í mì, ṣe ló ń lé béèsì padà wọlé. Ìdí nìyẹn tí kòtò tiwa fi máa ń jìn ju tiwọn lọ, tí òkìtì tiwa náà sì máa ń ga jù. Kí ẹnikẹ́ni tó ń gbé ilé búlọ́ọ̀kù má fi ìlà tirẹ̀ wé ti onílé pátákó, kó wá máa rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Tanke pè mí lórí irú ẹ̀ báyìí. Ìlà rẹ̀ ń lọ dáadáa títí ó fi súnmọ́ 50 Hz, ló bá já sí kòtò. Ó ti wá tọ́nfáìsì tí yóò fi tú sípíkà sílẹ̀. Mo ní kó má fọwọ́ kan sípíkà rárá, kó kàn gbé máìkì kúrò láàárín yàrá lọ sórí àga tó fara ti ògiri ẹ̀yìn.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò kì í jókòó síbẹ̀ yẹn.”

“Mo mọ̀, àbúrò. Ṣáà tẹ̀ ẹ́.”

Ohùn náà gòkè lọ, ìlà tuntun sì yọ. Ibi tí kòtò wà tẹ́lẹ̀, òkìtì ló wà níbẹ̀. Sípíkà kan náà, wáyà kan náà, bọ́tìnì ohùn ò kúrò lójú kan.

Ìdánwò tó yẹ kó ṣáájú tọ́nfáìsì nìyẹn. Ohun tó bá ń yí padà bí máìkì ṣe ń rìn, ti yàrá ni. Èyí tó bá dúró gbagidi síbi kan náà, níbi yòówù tí ẹ gbé máìkì sí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí sípíkà tàbí máìkì. Ògiri ẹ̀yìn sípíkà nìkan ló lè tàn yín díẹ̀, nítorí òun kì í bá máìkì rìn. Bí ojú sípíkà bá jìnnà sí ògiri yẹn ní mítà kan, ohùn tó lọ tó sì padà ti rin mítà méjì, yóò sì máa bá èyí tó ń lọ síwájú jà ní nǹkan bíi 87 Hz. Fún èyí, sípíkà gan-an ni kí ẹ sún. Bí kòtò bá sún tẹ̀ lé e, ẹ ti mọ ibi tó ti wá.

Equalizer ńkọ́? Ẹ lè fi gé òkìtì, ìyẹn dára. Ẹ má fi dí kòtò. Kí ẹ fi decibel 10 (decibel ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó) kún ohùn, agbára tí amplifier máa lò ní ibẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́wàá: watt 30 á di 300. Ohùn tí ẹ sì fi kún un, ògiri á tún dá a padà láti pa á ní ibi kan náà, nítorí náà kòtò kò ní kún. Kọ́ìlì inú sípíkà ló máa gbóná títí yóò fi jó. Sípíkà tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ti wá bàjẹ́ lóòótọ́ báyìí.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn náà ń ba ìlà jẹ́. Máìkì inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí. Ètò tó ń gé ariwo kúrò nínú ìpè lè gé ohùn REW pẹ̀lú. Máìkì ìwọnhùn bíi UMIK-1 tí ilé iṣẹ́ miniDSP ṣe ní fáìlì tirẹ̀ tó ń tún àṣìṣe máìkì náà ṣe, ẹ gbé e sínú REW kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má wọn sípíkà ọ̀tún àti òsì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pa fáànù, kí ẹ sì dúró kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sinmi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́ nípa sípíkà fúnra rẹ̀, ọ̀nà kan ni kí ẹ gbé máìkì súnmọ́ àárín awọ béèsì tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kí ẹ sì dín ohùn kù gan-an. D. B. Keele, ẹnjiníà sípíkà, ló tẹ àlàyé ọ̀nà yìí jáde lọ́dún 1974. Nítòsí bẹ́ẹ̀, ohùn sípíkà borí ti ògiri, béèsì gidi á sì hàn. Bí sípíkà bá ní ihò afẹ́fẹ́, ẹ ní láti wọn ihò náà lọ́tọ̀. Ọ̀nà kejì ni gbàgede. Ẹ gbé sípíkà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ẹ tẹ́ máìkì sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ní bíi mítà méjì, kí ó jìnnà sí fẹ́ńsì. Ẹ̀yìn ìrun Àsùbáà dára fún un, kí ọ̀kadà tó gba títì. Ẹ sọ fún àwọn aráalé ṣáájú o, nítorí ohùn tó ń gòkè lọ bẹ́ẹ̀ ní ìdájí lè já àgbàlagbà láyà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé sípíkà kejì sí ojú ibi kan náà gẹ́lẹ́, kí máìkì má kúrò. Bí ìlà méjèèjì bá bára mu, tó sì jẹ́ pé béèsì ń pòórá nígbà tí àwọn méjèèjì bá ń dún pọ̀, ẹ wo wáyà wọn: ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti so pọ́sítíìfù ọ̀kan mọ́ nẹ́gátíìfù. Bí ìlà ọ̀kan bá yàtọ̀ gedegbe sí ti ìkejì, ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé e lọ sí Táíwò. Kí ẹ mú ìlà méjèèjì dání fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe, kó lè mọ ibi tí yóò tú.