Ọmọ Wa Ń Gbá Họ́kì Orí Yìnyín ní Kánádà: Báwo La Ṣe Máa Mọ̀ Bóyá Yóò Dé NHL?

Bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Takie, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wà ní Alberta ní Kánádà. Ọmọ ọdún 17 ni, họ́kì orí yìnyín ló ń gbá, ipò sẹ́ńtà sì ni wọ́n fi í sí. Ìyá ọmọ ń da fídíò sórí WhatsApp ẹbí, gbogbo ẹbí ń ṣe àmín, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí. Nígbà tí bàbá gbọ́ pé mo máa ń jí ní aago kan òru wo NHL, líìgì họ́kì tó ga jù lágbàáyé (ọ̀rọ̀ Jarome Iginla, agbáhọ́kì tí bàbá rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, ló kó mi wọ̀ ọ́), wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ohun tí wọ́n bi mí àti èsì tí mo fún wọn nìyí.

Ìbéèrè: Kí gan-an ni iṣẹ́ sẹ́ńtà? Lójú tèmi, gbogbo wọn ló kàn ń yọ̀ kiri.

Ìdáhùn: Ẹni mẹ́fà ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ní lórí yìnyín lẹ́ẹ̀kan: aṣọ́lé kan, ẹni méjì lẹ́yìn, ẹni mẹ́ta níwájú. Sẹ́ńtà ló wà láàárín àwọn mẹ́ta iwájú. Bí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, réfúrì á ju pọ́ọ̀kì, ìyẹn rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, sílẹ̀ láàárín sẹ́ńtà méjì, àwọn méjèèjì á sì fi ọ̀pá du ú. Face-off nìyẹn. Bí pọ́ọ̀kì bá wà lọ́wọ́ tiwọn, sẹ́ńtà ló sábà máa ń pín in. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ alátakò, òun ló ń sá padà jù nínú àwọn iwájú, tí á lọ bá àwọn ẹ̀yìn dúró lẹ́nu ilé tiwọn. Gbogbo èyí láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 45, lẹ́yìn náà á jáde lọ mí, ẹlòmíràn á wọlé. Nítorí náà, bàbá, ẹ má bínú mọ́ pé wọ́n ń yọ ọmọ yín ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe gbogbo wọn.

Ìbéèrè: Góòlù ẹ̀ pọ̀ gan-an lọ́dún yìí. Kí ni wọ́n tún ń wá?

Ìdáhùn: Àwọn tó ń wá ọmọ kiri fún ikọ̀ ńlá kì í ka góòlù kí wọ́n máa lọ. Wọ́n á bèèrè ibi tó ti gbá a, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ nígbà tó gbá a, àti ẹni tó ń bá a gbá.

Ẹ wo dráfùtì ọdún 2023. Dráfùtì ni ọjọ́ tí àwọn ikọ̀ NHL ń to ara wọn ṣa àwọn ọ̀dọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Connor Bedard ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Sẹ́ńtà ni, póìǹtì 143 (góòlù tó gbá àti èyí tó bá wọn dá sílẹ̀ ni wọ́n ń kà pọ̀) ló ní nínú eré 57 ní WHL, líìgì àwọn ọ̀dọ́ tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Leo Carlsson ni ẹnì kejì. Sẹ́ńtà lòun náà, àmọ́ póìǹtì 25 péré ló ní nínú eré 44. Ẹni tó bá ka ìwé lásán á ní Anaheim tó mú un ti ń ya wèrè. Ṣùgbọ́n líìgì àgbà ni Carlsson ti ń gbá ní Swídìn, láàárín àwọn ọkùnrin tó ti níyàwó tó ti bímọ. Póìǹtì kan láàárín àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ póìǹtì kan láàárín àwọn ọmọdé. Àwọn oníṣirò tilẹ̀ ní òǹkà tí wọ́n fi ń sọ póìǹtì líìgì kan di ti NHL, kí wọ́n lè fi ọmọ Swídìn wé ọmọ Kánádà.

Póìǹtì fúnra rẹ̀ náà ní ẹ̀tàn nínú. Ẹni tó gbá góòlù gba kan. Ẹni tó fún un ní pọ́ọ̀kì gba kan. Ẹni tó fún ẹni tó fún un náà gba kan. Ti ẹnì kẹta yìí ló ń da nǹkan rú: ọmọ lè ta pọ́ọ̀kì jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn, kí ẹlòmíràn dá nìkan ṣe gbogbo wàhálà tó kù, kí póìǹtì sì wọlé sórúkọ tiẹ̀. Òmíràn tún wà. Bí alátakò kan bá ṣẹ̀, wọ́n á ní kó lọ jókòó fún ìṣẹ́jú 2, ẹni márùn-ún á wá máa bá ẹni mẹ́rin jà (wọn kì í ka aṣọ́lé mọ́ ọn). Góòlù rọrùn lásìkò yẹn. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ìdajì góòlù ọmọ yín ti wá, ẹ rọra máa ṣe àmín. Èyí tó gbá nígbà tí wọ́n pé márùn-ún sí márùn-ún ni kí ẹ bi ìyá rẹ̀.

Alexandre Daigle ni wọ́n sábà fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Sẹ́ńtà ni, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú ní dráfùtì 1993, póìǹtì rẹ̀ ní líìgì ọ̀dọ́ lọ́dún yẹn ju 100 lọ. Ottawa ló mú un. Eré 616 ló gbá ní NHL, góòlù 129 ló sì rí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ á fi ìyẹn dúpẹ́, àmọ́ ẹni tó mú ọmọ ṣáájú gbogbo ayé kò retí irú ìyẹn.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá máa wò nínú fídíò, èmi tí mi ò fẹsẹ̀ tẹ yìnyín rí?

Ìdáhùn: Ẹ gbójú kúrò lára pọ́ọ̀kì. Ọmọ yín nìkan ni kí ẹ máa wò, láti ìgbà tó bá wọlé títí tó fi máa jáde.

Orí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí pọ́ọ̀kì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣé ó bojú wẹ̀yìn? Sẹ́ńtà tó gbọ́n á ti wo èjìká ọ̀tún, á ti wo tòsì, kí pọ́ọ̀kì tó kan ọ̀pá rẹ̀. Bó ṣe ń gbà á ló ti mọ ibi tó ń tà á sí. Èyí tí kò gbọ́n á gbà á tán, á dúró, á wá máa wá ẹni tó máa fún. Àyè ìdúró yẹn wà láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ní NHL, kó tó gbójú sókè, ẹnì kan ti fi èjìká gbé e mọ́ pátákó tó yí pápá ká. Bàbá, ẹ mọ ayò ọlọ́pọ́n dáadáa: ọ̀tayò kì í tẹjú mọ́ ilé tó ń kó lọ́wọ́, ibi tí ọmọ ayò tó kẹ́yìn máa bọ́ sí ló ń wò.

Ẹsẹ̀ ló kàn. Kì í ṣe bó ṣe ń sáré gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pápá dé ìparí rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò. Bó bá wà lójú kan, ṣé ìgbésẹ̀ mẹ́ta yẹn tó láti já ẹni tó ń ṣọ́ ọ sílẹ̀? Ṣé ó lè yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì, kí eré rẹ̀ má dín kù? Ọmọ ọdún 17 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo ṣì lè kọ́ ọ. Àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ́ni. Mi ò tíì rí ẹni tó ń kọ́ni ní ojú tó ń ríran.

Ohun kẹta ni mo gbára lé jù: kí ló ṣe nígbà tí wọ́n gba pọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn ọmọ kan á yíjú sí réfúrì, wọ́n á ṣí ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Àwọn kan á jẹ́ kí bàtà máa gbé wọn lọ fúnra rẹ̀, wọn ò ní gbé ẹsẹ̀ kan. Àwọn kan á yí padà lójú ẹsẹ̀, wọ́n á na ọ̀pá, wọ́n á lé pọ́ọ̀kì yẹn títí dé ẹnu ilé tiwọn. Irú ọmọ kẹta yìí ni kóòṣì máa ń fẹ́ rán jáde nígbà tí eré bá ku ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n sì ń fi góòlù kan ṣíwájú. Patrice Bergeron, tí Boston mú ní ipò 45 ní 2003, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló gba àmì ẹ̀yẹ Selke, èyí tí wọ́n ń fún ẹni iwájú tó mọ ilé ṣọ́ jù. Kò sí ẹlòmíràn tó gbà á tó bẹ́ẹ̀ rí.

Face-off ńkọ́? Bó bá ń gba ìdajì, ó dára. Agbára ọrùn ọwọ́ wà nínú ẹ̀, ó máa ń dàgbà pẹ̀lú ọjọ́ orí.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ó kúrú.

Ìdáhùn: Brayden Point kò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 10 lọ, sẹ́ńtà ni. Ipò 79 ni Tampa Bay mú un ní 2014. Wọ́n gba Stanley Cup, ife tí ikọ̀ tó borí ní NHL ń gbà, ní 2020 àti 2021, góòlù 14 ló sì gbá nínú ìdíje àṣekágbá ọdún kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹsẹ̀ Point yá ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Kúkúrú tí kò yá ni ìṣòro.

Ìbéèrè: Ẹni tó wá wò ó bèèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀ kó tó bèèrè nǹkan mìíràn. Kí ló ń wá?

Ìdáhùn: Kì í ṣe "football age" tiwa níbí o, ọkàn yín á balẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 18, ó pẹ́ tán ní September 15, kí wọ́n tó lè mú un ní dráfùtì ọdún yẹn. Ká ní wọ́n bí ọmọ méjì lọ́dún kan náà, ọ̀kan ní September 14, èkejì ní September 16. Àkọ́kọ́ á wọ dráfùtì bí àbíkẹ́yìn láàárín àwọn tó dàgbà jù ú lọ. Èkejì á dúró di ọdún tó tẹ̀ lé e, á sì di ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ló wà láàárín wọn, àmọ́ ìkejì ti fi ọdún kan gbáko jẹun, ó ti fi gbára sí i. Nítorí náà, bí póìǹtì ọmọ méjì bá dọ́gba, èyí àbúrò ni wọ́n ń fẹ́.

Ẹ wo Tij Iginla. August 4, 2006 ni wọ́n bí i, ó sì wà lára àwọn tó kéré jù ní dráfùtì 2024. Síbẹ̀ góòlù 47 ló gbá nínú eré 64 fún Kelowna ní WHL lọ́dún yẹn. Utah mú un ní ipò kẹfà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ pátápátá tí ikọ̀ Utah mú ní dráfùtì látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Jarome, bàbá rẹ̀, gbá góòlù 625 ní NHL. Láti Nàìjíríà níbí sì ni bàbá Jarome ti lọ sí Kánádà. (Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni Jarome gbá, kì í ṣe sẹ́ńtà, àmọ́ mi ò lè kọ ọ̀rọ̀ họ́kì ní Yorùbá kí n má dárúkọ rẹ̀.)

Ọjọ́ ìbí yìí tún ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní Kánádà, January 1 ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọdé sí ẹgbẹ́. Ní 1985, Roger Barnsley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí i pé àwọn tí wọ́n bí ní àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló pọ̀ jù nínú àwọn ikọ̀ tó dára. Wọ́n ti ga díẹ̀ láti kékeré, kóòṣì yàn wọ́n, wọ́n rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbà ju àwọn tó kù lọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní October tó sì ṣì wà nínú ikọ̀ náà ti jìjàkadì kó tó dé ibẹ̀.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá ti mú un ní dráfùtì, ó ti dé nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ikọ̀ 32 ló wà, ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n sì ń yí ká: ọmọ 224 lọ́dún kan. Ẹ wá ka àyè tó wà. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lo sẹ́ńtà mẹ́rin nínú eré kan. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 32, ó di 128. Àwọn tó wà lórí àga 128 yẹn kò sì ṣe tán láti dìde.

Akim Aliu, tí wọ́n bí sí Òkene níbí, Chicago mú un ní ipò 56 ní 2007. Eré 7 péré ló gbá ní NHL. Ní 2019 ló sọ ọ́ síta pé kóòṣì kan tí òun ti gbá lábẹ́ rẹ̀ fi àwọ̀ ara bú òun, kóòṣì náà sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń bèèrè ọ̀rọ̀ ọmọ yín, ẹ bèèrè irú ẹni tó ń darí rẹ̀ náà.

Ó tún lè jẹ́ pé wọn ò ní tètè rí i. Ipò 171 ni Detroit mú Pavel Datsyuk ní 1998, nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ 20 ọdún, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti fò ó. Sẹ́ńtà tó gba Stanley Cup lẹ́ẹ̀mejì ló dà. Joe Thornton, ẹni àkọ́kọ́ ní 1997, póìǹtì 7 ló rí nínú eré 55 ní ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 2006, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbáhọ́kì tó wúlò jù ní NHL.

Bí ẹ bá sì gbọ́ pé wọ́n ti gbé e kúrò ní sẹ́ńtà lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Quinton Byfield, tí Los Angeles mú ní ipò kejì ní 2020, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé e lọ lẹ́bàá Anze Kopitar tó jẹ́ àgbà sẹ́ńtà, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Iṣẹ́ ẹ̀yìn tí sẹ́ńtà ń ṣe pọ̀ fún ọmọ ọdún 19.

Ìbéèrè: Ìyá ẹ̀ ní kí ẹbí dáwó fún un. Ṣé ká dá a?

Ìdáhùn: Ẹ dá èyí tí kò ní pa yín lára, kí ẹ sì má pè é ní owó òkòwò. Bàtà, ọ̀pá àti owó pápá yìnyín wọ́n gan-an níbẹ̀, mo mọ̀. Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ọmọ tó bá gbá fún líìgì ọ̀dọ́ bíi WHL máa ń ní ẹ̀tọ́ sí owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn ọdún tó fi gbá. Látàrí òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní August 2025, àwọn tó ti gbá níbẹ̀ tún lè lọ gbá fún yunifásítì Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ti dí mọ́ wọn tẹ́lẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín wò ó fúnra mi, bàbá, ẹ ní kí ìyá rẹ̀ gbé odindi eré kan sórí YouTube kó fi línkì ránṣẹ́. Eré tí wọ́n ti nà wọ́n ni kó jẹ́. Àwọn fídíò góòlù oníṣẹ́jú méjì tó wà lórí fóònù yín yẹn, mo ti wò wọ́n tán, wọn ò sọ nǹkan kan fún mi.