Ilẹ̀ Àmúsìn, Ilẹ̀ Àgbàtọ́: Èkó àti Iléṣà Láyé Òyìnbó

Wọ́n ti tún ṣe é o. Nínú ìwé àjọ̀dún kan tí wọ́n ń pín kiri ní Iléṣà, wọ́n pe Èkó ayé Òyìnbó ní "ìlú amúnisìn", wọ́n wá pe Iléṣà ní "purotẹ́kítórétì". Amúnisìn ni ẹni tó ń mú ni sìn, Òyìnbó nìyẹn. Ìlú tí wọ́n mú sìn ("colony" lédè Gẹ̀ẹ́sì), àmúsìn ni. Àbí ẹni tí wọ́n jí gbé là ń pè ní ajínigbé?

Purotẹ́kítórétì ("protectorate") yẹn, ìlú tí Òyìnbó ń darí tí ọba rẹ̀ ṣì wà lórí ìtẹ́, ni mò ń pè ní ilẹ̀ àgbàtọ́. Àwọn olùkọ́ kan wà tí "ilẹ̀ abẹ́ ààbò" wù. Wọ́n ní àgbàtọ́ sọ àwọn ọba wa di ọmọdé. Ojú ọmọdé náà ni Òyìnbó fi wò wọ́n, kí la wá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mọ́lẹ̀? Ààbò wo? Ogun Kírìjì túká ní 1893. Nígbà tó di 1894, Bower, ọ̀gá Òyìnbó tó wà ní Ìbàdàn, mú Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà nínú ogun náà, ó lé e lọ sí Ìwó.

Ẹ wo ọmọ àgbàtọ́. Orúkọ baba rẹ̀ ló ń jẹ́, oríkì ilé wọn ni wọ́n fi ń kì í, òbí rẹ̀ ò kú. Ṣùgbọ́n alágbàtọ́ ló ń sọ ìgbà tí yóò jẹun, ẹni tí yóò bá rìn, àti ìgbà tí yóò jẹgba. Bẹ́ẹ̀ ni Ọwá, ọba Iléṣà, ṣe jókòó sórí ìtẹ́, tí ajẹ́lẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ti Èkó yàtọ̀. Wọ́n yìnbọn lù ú ní 1851, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ tó ń jọba, wọ́n dá Akìtóyè padà sórí ìtẹ́. Dòsùnmú ọmọ Akìtóyè ló tọwọ́ bọ̀wé ní 6 Oṣù Kẹjọ 1861: èbúté àti erékùṣù di ti Ọbabìnrin Victoria, òun yóò máa gba 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dún. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè fa ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, yọ. Òótọ́ ni, ìgbìmọ̀ ọba ní London dá a ní 1921 pé ìwé yẹn kò gba ilẹ̀ ẹbí lọ́wọ́ àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn ìjòyè onílẹ̀ Èkó. Ilẹ̀ nìyẹn, àṣẹ ti lọ.

Ìdí nìyí tí ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó fi jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an, tí ti Iléṣà sì jẹ́ ẹni tí ọba ọ̀hún ń gbà tọ́. Ní 1914 wọ́n so méjèèjì pọ̀ sábẹ́ Lugard, gómìnà àgbà, wọn ò pa wọ́n pọ̀: Ilẹ̀ Àmúsìn àti Ilẹ̀ Àgbàtọ́ Nàìjíríà ni orúkọ tí wọ́n sọ wá. Nígbà tí ìbò dé ní 1923, Èkó yan èèyàn 3 sí ìgbìmọ̀ aṣòfin (àwọn ọkùnrin tí ń rí £100 lọ́dún nìkan ló dìbò, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa fọ́nnu). Iléṣà ò yan ẹnì kankan.