Aró kì í ṣe ọ̀dà: bí ọmọ tuntun ṣe ń di ènìyàn

Bí aláró bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ jáde nínú ìkòkò ẹlú, aṣọ náà kì í dúdú. Ewé ló máa ń jọ, ewé tí kò tutù mọ́ tí kò sì tíì pọ́n tán. Ẹni tó kọ́kọ́ wá ra àdìrẹ n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta, tó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́, lè sọ nínú ara rẹ̀ pé aró yìí kò mu. Kó rọra. Kí wọ́n sá aṣọ sórí okùn, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀, ojú rẹ̀ ni yóò ṣe dúdú. Nínú ìkòkò, ẹlú ti yòrò, ó ti wọ inú òwú. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró tí omi kò rí gbé ṣe mọ́. Inú ìkòkò niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìta ló ti ń parí.

Ọ̀nà tí ọmọ tuntun ń gbà di ènìyàn kò jìnnà sí èyí. Ti oyún, ti oṣù mẹ́sàn-án, ti krómósómù 46, ilé ìwé girama ti sọ ọ́ tó. Ohun tó dùn ún wò ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ìwọ́.

Ewúrẹ́ tó bá bímọ láàárọ̀, ọmọ rẹ̀ á ti dìde dúró kí oòrùn tó mú, á ti wá ọmú rí fúnra rẹ̀. Ọmọ ènìyàn kò lè gbé orí ara rẹ̀ dúró. Ọpọlọ tó wà nínú orí náà kò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti àgbàlagbà. Bí ọmọ bá fi máa pé ọdún méjì, yóò ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ fọwọ́ kan àwùjẹ̀ ìkókó, níbi tí àwọn ìyá máa ń fi òrí pa, ẹ ó rí i tó ń lọ sókè sódò bí ẹni ń mí. Eegun kò tíì pàdé níbẹ̀. Ó sábà máa ń tó ọdún kan àtààbọ̀ kó tó dí. Àwọn onímọ̀ kan ní bí orí bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní gba ìbàdí ìyá kọjá. Àwọn mìíràn ní agbára tí ara ìyá fi ń bọ́ ọmọ inú ló ti dé òpin. Èyí ó wù kó jẹ́, wọ́n ń bí ènìyàn kó tó gbó.

Nítorí náà, ibi tí ariwo wà ni ọpọlọ ti ń dàgbà jù. Ní agboolé kan l'Áké, ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ń da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lára, ó ń kì í: Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ò. Ẹni tó ń wò á ní ọmọ ló ń wẹ̀. Ohùn ń wọlé. Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, etí ìkókó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró èdè tí ẹnikẹ́ni kò sọ nílé rẹ̀ rí. Kó tó pé ọdún kan, ó ti ń yan: ìró tí ará ilé ń lò, ó dì í mú; èyí tí wọn kò lò, etí rẹ̀ ń di sí i. Igbá, igba, ìgbà, igbà: ọmọ Aké kò ní ṣi ọ̀kan gbé fún èkejì kó tó mọ ABD. Àgbàlagbà tó ti òkè òkun wá kọ́ Yorùbá, bó ti wù kó kàwé tó, á jókòó ti igbá kan ṣoṣo fún oṣù mẹ́ta. Etí méjèèjì kò yàtọ̀ lójú. Nínú ọpọlọ ni ìyàtọ̀ wà.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kan fi ń bíni nínú, èyí tó ní ẹranko ni ènìyàn, pé àṣà kàn wá kùn ún lọ́dà ni, pé bí a bá ha ọ̀dà kúrò, a ó bá ènìyàn gan-an nísàlẹ̀. Wọ́n ń ha ọ̀dà. Ta ló ń ha aró kúrò lára òwú láìfa òwú ya?

Àwọn tó máa ń sọ pé "inú ẹ̀jẹ̀ ló wà" náà, kí wọ́n bi ẹ̀jẹ̀ léèrè. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó jogún S láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo. AS ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn tó le, ìyẹn ni kò jẹ́ kí S run. Ṣùgbọ́n kí ló sọ ibà náà di ará ilé? Ní 1958, Frank Livingstone, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé oko ni: nígbà tí àwọn baba ńlá wa ní apá ibí yìí ṣán igbó láti kọ ebè iṣu, oòrùn kan omi tó dúró nílẹ̀, ẹ̀fọn tó fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀ rí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn. Ebè iṣu ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tí S méjì bá bá ara wọn pàdé lára rẹ̀ ló ń ní fòníkú-fọ̀ladìde, kò sì sí àní-àní pé àwọn kan nínú wọn ni wọ́n pè ní àbíkú láyé àtijọ́. Lónìí, àlùfáà á ní kí ọkọ àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà mú ìwé genotype wá kí òun tó so wọ́n pọ̀. Àṣà tún ti ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀jẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo aṣọ ló ń mu ẹlú o. Òwú ń mu ún. Bí ẹ bá ki poliẹ́sítà bọ inú ìkòkò kan náà, omi lásán lẹ kì í bọ̀. Tọkọtaya Hayes ní Amẹ́ríkà gba ìnàkí kékeré kan, Viki, wọ́n tọ́ ọ bí ọmọ inú ilé, ní ìparí àwọn ọdún 1940 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1950. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó rí sọ kò ju bíi mẹ́rin lọ, "mama" àti "cup" wà níbẹ̀. Ní ti ọmọ ènìyàn, wọ́n dán an wò ní Jámánì, wọ́n sì gbé e jáde ní 2006: ọmọ oṣù 18, bí nǹkan bá já bọ́ lọ́wọ́ àlejò tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó o mọ́, á rìn lọ mú un fún un, láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Òwú ti fẹ́ aró kí aró tó dé.

Bátànì ńkọ́? Ibí yìí ni ọgbọ́n wà jù. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya nǹkan sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní dé ibẹ̀. Ohun tí a ń pè ní ẹwà aṣọ, ibi tí wọ́n kọ̀ fún aró ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta jókòó ti abọ́ ọbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sórí ẹran tó tóbi jù. "Má mú ìyẹn, ti bàbá ni." Ó na ọwọ́ òsì gba omi. "Ọ̀tún!" Ó kí àgbà lóòró. "Kúnlẹ̀." Èèwọ̀ lórí èèwọ̀, bí kíkán ẹ̀kọ láfún. Tí ẹ bá yẹ ọmọlúàbí kan wò dáadáa, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé tí kò dé ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Lóòótọ́, aṣọ kì í bá aláró jiyàn, ọmọ ń jiyàn. Àfiwé já níbẹ̀, kó já.

Àléébù ètò yìí kò kéré. Bó bá jẹ́ pé ará ìta ló ń parí ènìyàn, ará ìta kan náà lè kọ̀ láti kà á kún ènìyàn. "Bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ" ti wà lẹ́nu àgbà tipẹ́, síbẹ̀ Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn tí ogun lé kiri tẹ̀dó ní 1830, ra ẹrú, ó sì tà wọ́n. Ní 1821 ni wọ́n kó ọmọkùnrin kan, Àjàyí, l'Óṣogùn. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ara kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà, ojúmọ́ kan ló sọ ọ́ di ọjà. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822. Ní 1846, ó ti di Samuel Crowther, àlùfáà, ó wọ Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló sì ti rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n. Nígbà tó wá lanu, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi máa ń pe Àjàyí nílé ló ń pè é, ìyá àgbà tó ti kú sí oko ẹrú. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣì rántí wọn dáadáa.