Òòbẹ̀ tó ń fi etí ṣọdẹ, àti àfòpiná tó ń da etí rẹ̀ rú

Bí o bá kígbe nínú ilé ńlá tó ṣófo, gbohùngbohùn á dá ọ lóhùn. Ohùn rẹ ló lọ kọlu ògiri, tó sì padà wá. Òun náà ni òòbẹ̀ fi ń ṣọdẹ lóru. Echolocation ni orúkọ tí Donald Griffin, onímọ̀ nípa ẹranko ará Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní 1944.

Òòbẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe àdán ńlá tó ń jẹ èso, irú èyí tó máa ń so rọ̀ sórí igi nínú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀. Ojú àti imú ni ìyẹn fi ń wá oúnjẹ.

Òòbẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Eptesicus fuscus. Igbe rẹ̀ ròkè kọjá ohun tí etí wa lè gbọ́. Bí kòkòrò bá wà ní mítà 1.7 sí i, ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá ni igbe náà fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Àkókò yẹn gan-an ni òòbẹ̀ ń wọ̀n. Bí gbohùngbohùn bá pẹ́ kó tó dé, ẹran ṣì jìnnà. Bó bá tètè dé, ẹran ti sún mọ́ ẹnu.

Ọ̀pọ̀ àfòpiná ní etí tó ń gbọ́ igbe yìí, wọ́n á sì yà kúrò lọ́nà tàbí kí wọ́n já wálẹ̀. Bertholdia trigona ti Arizona ló yà mí lẹ́nu jù. Kò ní oró kankan; bí òòbẹ̀ bá rí i mú, oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n ó ní awọ líle kan ní ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Fi àtàǹpàkò tẹ ọmọrí agolo wò: á dún bó ṣe ń tẹ̀ wọnú, á tún dún bó ṣe ń ta padà. Bẹ́ẹ̀ ni awọ náà ń ṣe, àmọ́ ó lè dún tó ìgbà 4,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo!

Ní 2009, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Wake Forest jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Ariwo àfòpiná bọ́ sáàárín gbohùngbohùn tí òòbẹ̀ ń retí, ìwọ̀n rẹ̀ sì dàrú. Ó ń já lu ibi tí kòkòrò kò sí. Àwọn àfòpiná tí wọ́n ti ba awọ wọn jẹ́, tí wọn ò lè dún mọ́, ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ jù.

A lè rò pé ìjayà lásán ni. Bó bá jẹ́ ìjayà ni, ariwo náà ì bá ti mọ́ òòbẹ̀ lára lẹ́yìn alẹ́ mélòó kan. Alẹ́ ń gorí alẹ́, ó ṣì ń tàsé.