Réèlì Fríìjì Lẹ́yìn Hilux: Abẹ́ Ọkọ̀ Ni Iṣẹ́ Wà

Fríìjì alágbèéká tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ kì í ní ilẹ̀kùn níwájú bíi ti ilé. Ìdérí rẹ̀ wà lókè, bíi ti àpótí aṣọ. Atẹ́gùn tútù wúwo ju atẹ́gùn gbígbóná lọ: bí wọ́n bá ṣí fríìjì ilé, òtútù á dà sílẹ̀ bí omi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí alápòótí yìí, òtútù inú rẹ̀ á jókòó síbi tó wà. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí bátìrì ọkọ̀ lè gbé e. Ìdérí òkè yìí kan náà ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ní ìbòrí, ìdérí lè má rí àyè ṣí dáadáa, ẹni tó bá fẹ́ mú omi á sì fi orúnkún rá wọlé. Fríìjì lítà 40 sí 50, tí oúnjẹ àti omi bá kún inú rẹ̀, lè wọn 50 kìlógíráàmù, ìyẹn odidi àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ta ló fẹ́ máa wọ́ àpò sìmẹ́ǹtì jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé fríìjì lé réèlì tó ń yọ jáde bíi dúrọ́ọ̀ tábìlì.

Ní Ọsirélíà, irú réèlì yìí kì í ṣe nǹkan fáàrí. Ute ni wọ́n ń pe píkọ́ọ̀pù níbẹ̀, láti ọdún 1934 tí Lew Bandt ya àwòrán èyí tí Ford ṣe ní ìlú Geelong. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ìyàwó àgbẹ̀ kan ló kọ lẹ́tà pé àwọn fẹ́ ọkọ̀ tó lè gbé àwọn lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kó sì gbé ẹlẹ́dẹ̀ lọ ọjà lọ́jọ́ Ajé. Lónìí, Hilux tí gbogbo wa mọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ọ̀nà Gibb River gùn tó 660 kìlómítà, Canning Stock Route láti Wiluna dé Halls Creek sì tó nǹkan bí 1,850 kìlómítà nínú aṣálẹ̀. Lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹran tó bá bàjẹ́ lónìí kò ní arọ́pò lọ́la.

Réèlì fúnra rẹ̀ kò le yé ènìyàn. Férémù irin tàbí alumíníọ̀mù kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n dè mọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀. Òmíràn wà lórí rẹ̀ tó gbé fríìjì, béárìnì ló sì ń jẹ́ kó rọ̀ láti fà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa mú nígbà méjì: nígbà tó bá wà nínú, kó má baà já jáde lójú ọ̀nà, àti nígbà tó bá yọ tán, kó má baà ṣẹ́rí padà lu ọwọ́ ènìyàn bí ọkọ̀ bá dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Réèlì tí kì í mú nígbà tó bá yọ tán kò yẹ ní rírà, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n rò pé ẹrù kàn ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ni. Òótọ́ ni, nígbà tí fríìjì bá wà nínú. Bó bá ti yọ jáde, ọ̀rọ̀ yí padà. Gbé pákó sórí àga, jẹ́ kí apá kan rẹ̀ yọ síta, kó o wá gbé ẹrù lé ibi tó yọ: ìdí pákó á gbéra. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni réèlì ń ṣe. Ká sọ pé fríìjì 50 kìlógíráàmù yọ débi tí àárín rẹ̀ fi kọjá bóòtù ẹ̀yìn pẹ̀lú 40 sẹ̀ǹtímítà, tí bóòtù iwájú, ìyẹn èyí tó sún mọ́ orí ọkọ̀, sì jìnnà sí ti ẹ̀yìn ní 70 sẹ̀ǹtímítà. Ìlọ́po 50 àti 40 jẹ́ 2,000. Bí a bá fi 70 pín in, ó lé ní 28. Agbára tó lé ní kìlógíráàmù 28 ló ń fa bóòtù iwájú sókè, ibi bóòtù ẹ̀yìn sì ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó lé ní 78: ti fríìjì fúnra rẹ̀, àti 28 tí iwájú fi ń gbéra. Èyí kò tíì ka ẹni tó bá fi ìgúnpá tì í níbi tó ti ń wá bọ́tà. Nítorí náà, bóòtù iwájú yìí tí ojú kì í tètè rí, tó wà ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn fríìjì, òun gan-an ni kò gbọ́dọ̀ ṣákìí.

Kí sì ni bóòtù ọ̀hún dì mú? Páànù ni. Ilẹ̀ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù onírin kò nípọn ju bíi mílímítà kan lọ, ó sì ní kòtò àti gegele bíi páànù òrùlé, èyí tó ń fún un lágbára. Férémù orí gegele nìkan ló ń fara kàn. Bí wọ́n bá wá fún bóòtù pọ̀ níbi kòtò, páànù á wọlé, bóòtù á sì dẹ̀ láìpẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń fi ìtìlẹ́yìn dí kòtò náà, tàbí kí wọ́n tẹ́ plywood tó nípọn sórí gbogbo ilẹ̀ kí férémù lè rí ibi jókòó. Nísàlẹ̀, wáṣà kékeré kò tó. Irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń fi sábẹ́ páànù kí nọ́ọ̀tì tó wọlé, kí agbára tó ń fà lè tàn ká. Bóòtù M8, ìyẹn èyí tó nípọn mílímítà 8, ló wọ́pọ̀. Bí ihò tí ilé iṣẹ́ ti lu fún ìdè ẹrù bá bọ́ síbi tó yẹ, kí wọ́n lò ó kí wọ́n tó ronú dírílì.

Bó bá sì di dírílì, ẹni náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Táǹkì epo, páìpù bíréèkì, wáyà iná àti páìpù èéfín, gbogbo wọn lè wà lábẹ́ ibi tó dán mọ́rán tó wu ènìyàn láti lu lókè. Ihò tí wọ́n bá lu tán, kí wọ́n fá etí rẹ̀, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà adènà ìdógùn-ún, kí wọ́n sì fi sílíkóònù dí i. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ díẹ̀: láti ọdún 2015 ni ara píkọ́ọ̀pù Ford F-150 ti di alumíníọ̀mù. Irin àti alumíníọ̀mù tó bá fara kanra nínú omi àti iyọ̀, alumíníọ̀mù ni yóò jẹrà níbẹ̀, nítorí náà rọ́bà tàbí nylon gbọ́dọ̀ là wọ́n.

Ọ̀nà eléruku Ọsirélíà náà rí bíi páànù: taya àwọn ọkọ̀ tó ti kọjá ló gbẹ́ ẹ di gegele wẹ́wẹ́ tó ń gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì fún wákàtí mélòó kan. Ìgbọ̀nrìrì yìí ló ń tú nọ́ọ̀tì, kì í ṣe ìwúwo. Nọ́ọ̀tì tó ní òrùka nylon nínú, tí kì í jẹ́ kó tètè tú, ni wọ́n ń lò, wọ́n á sì tún fi sípánà kàn án lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Fríìjì pẹ̀lú gbọ́dọ̀ dè mọ́ réèlì. Bẹ́líìtì tó gba inú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló dára. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi dírílì lu ara fríìjì, nítorí páìpù gáàsì tó ń mú un tutù lè wà lẹ́yìn ike náà.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ tún ní tirẹ̀. Bó bá ṣí sílẹ̀, réèlì ní láti kọjá lókè rẹ̀ láìfara kàn án; bí kò bá ga tó, plywood tí a sọ lẹ́ẹ̀kan á gbé e sókè. Wáyà méjì tó gbé ilẹ̀kùn náà ró kò sí fún kí réèlì máa sinmi lé e. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé ga, ìdérí fríìjì lè kọjá àyà ènìyàn. Irú réèlì kan wà tó ń yọ jáde tán, tó sì tún ń sọ̀ kalẹ̀. Ó wúwo, ó sì wọ́n, àmọ́ ẹni tí kò ga á mọ iyì rẹ̀.

Iná ló kù. Fríìjì fólítì 12 ń fa bíi ámpíà 3 sí 5 bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń pa ara wọn bí fólítì bá lọ sílẹ̀ jù, kí wọ́n má baà mu bátìrì gbẹ. Wáyà tínínrín ń tan ààbò yìí jẹ. Láti bátìrì dé ẹ̀yìn ọkọ̀ lè tó mítà 5, àlọ àti àbọ̀ di 10. Bó bá jẹ́ wáyà 2.5 tí àwọn oníná fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, ámpíà 5 á pàdánù bíi fólítì 0.35 lójú ọ̀nà. Wáyà 6, tó nípọn jù ú lọ, á pàdánù bíi 0.15. Bátìrì ṣì lágbára, fríìjì ti rò pé ó ti kú, ẹran sì ti ń yọ́. Kí fíúsì wà nítòsí bátìrì, kì í ṣe lẹ́bàá fríìjì, torí wáyà tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá ni fíúsì ń dáàbò bò. Wáyà tó so mọ́ fríìjì gbọ́dọ̀ gùn tó ibi tí réèlì ń yọ dé, kó sì ní ibi tó ń ká sí nígbà tó bá ń padà, kí béárìnì má baà gé e. Kí ẹ̀gbẹ́ tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti ń mí má sì kọjú sí ògiri ọkọ̀. Kí wọ́n tó kó ẹrù sínú rẹ̀, kí wọ́n fa réèlì jáde pátápátá, kí wọ́n tì í padà, kí ẹnì kan sì máa wo wáyà náà láti ẹ̀gbẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ṣe é.