Ajá, ológbò àti ọmọ agbàtọ́

Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá sílé alágbàtọ́ kì í tètè fọkàn tán àgbàlagbà, torí àgbàlagbà ló já a kulẹ̀ níbi tó ti wá. Ajá kì í bi í pé níbo ni ìyá rẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí kì í la ẹnu fi máa ń jókòó ti ajá lẹ́yìnkùlé, tí á máa bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Alágbàtọ́ tó bá gbọ́n á máa ṣa ẹ̀fọ́ rẹ̀ nítòsí, kò ní dá sí i. Bó bá yá, ọmọ á yíjú sí òun náà.

Kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ dé ni wọ́n ń fa okùn ajá lé e lọ́wọ́. Kí ó lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ná. Kí wọ́n bi òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó mú un wá: ṣé ajá ti gé e jẹ rí? Ṣé irun ẹranko máa ń mú un sín? Ṣé ó máa ń na ẹranko? Ọmọ tí wọ́n lù nílùkulù lè máa lu ajá bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún un ló ń ṣe. Ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láìsí àgbàlagbà títí ọwọ́ ọmọ yóò fi rọ̀.

Iṣẹ́ kékeré ni kí wọ́n gbé fún un: kó bu omi sínú abọ́ láàárọ̀, kó fún ajá lóúnjẹ lákòókò kan náà lójoojúmọ́. Ọmọ tí ebi ti pa rí máa ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Bó ṣe ń rí i pé oúnjẹ ajá kì í yẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ nípa tirẹ̀. Tó bá gbàgbé, kí àgbàlagbà ṣe é láìpariwo. Ohun tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni kí wọ́n máa halẹ̀ pé “màá ta ajá yẹn”. Ọmọ tó ti pàdánù ilé mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀.

Ajá gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní bí oṣù mẹ́ta tí wọ́n bí i, kí wọ́n sì máa tún un gbà bí dókítà ẹranko bá ṣe sọ, ọdọọdún ló wọ́pọ̀. Oògùn aràn ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bí i, lọ́sẹ̀ méjì-méjì títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Bí ajá bá gé ọmọ jẹ, ìbáà jẹ́ ajá ilé, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má fi ata tàbí epo sójú ọgbẹ́. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí ọmọ máa gbà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹ má dá a dúró lágbedeméjì. Bí àìsàn náà bá ti yọjú, kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni yè é.

Ní Oǹdó, wọ́n ń jẹ ajá, wọ́n sì ń fi í bọ Ògún. Ajá tó ń rìn kiri kò pẹ́ dàwátì níbẹ̀, nítorí náà ẹ ti géètì. Nílé tí onílé ò bá ti gba ajá, bíi ti ọ̀pọ̀ ayálégbé ní Àkúrẹ́, ológbò tó ń pa eku yóò ṣe é. Bó bá jẹ́ adìẹ ni, kí ọmọ mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ kí Kérésì tó dé.

Bí ọmọ bá máa padà sọ́dọ̀ ẹbí, ẹ bèèrè ṣáájú bóyá wọ́n á gba ẹranko náà. Tí wọn ò bá gbà, ẹ sọ fún un lọ́sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kì í ṣe nígbà tí mọ́tò ti ń dúró lójú pópó.